Àwọ̀ lọ́tọ̀, àpótí lọ́tọ̀

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé irú èèyàn wo ni mí. Wọ́n ti bi mí lórúkọ, wọ́n ti bi mí lọ́jọ́ orí, wọ́n sì ti bi mí láìmọye ìgbà pé ọmọ ta ni mí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú mi, àpótí kéékèèké tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan látòkè délẹ̀, wọ́n ní kí n máàkì èyí tó bá jẹ́ tèmi. Funfun. Dúdú tàbí African American. Asian. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Mo wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé àwọ̀ ara mi ni wọ́n ń bèèrè lóòótọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá bi èèyàn pé báwo ló ṣe ga tó. Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń pe èmi ní dúdú. Bàbá mi ni dúdú, ó dúdú bí kóró iṣin. Ìyá mi pupa. Àwa ọmọ mẹ́rin pín in láàrin ara wa, èmi sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi díẹ̀. Tí àlejò bá wá bèèrè ọ̀kan nínú wa tí kò mọ orúkọ, "ṣé èyí tó pupa yẹn ni àbí èyí tó dúdú?" ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Kò sí àpótí "ó pupa díẹ̀" lórí fọ́ọ̀mù náà.

Mo máàkì "Dúdú". Inú mi kò bàjẹ́. Ohun tó kàn ṣe mí ní kàyéfì ni pé inú àpótí kan náà ni bàbá mi, ìyá mi àti èmi máa wọ̀, gbogbo ìyàtọ̀ tí wọ́n ń rí lára wa láti kékeré sì parẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mi ò ní purọ́ pé ìyàtọ̀ náà kò já mọ́ nǹkan kan nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gba àwọ̀ bàbá, àbúrò mi obìnrin ló gba ti ìyá, ojú àlejò sì máa ń kọ́kọ́ bà lé àbúrò. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n, àwa náà mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé irú èèyàn méjì ni wọ́n.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí láti láàbù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba orúkọ aláìsàn, wọ́n ní màmá kan wà níbẹ̀ tó ń sọ èdè mi. Ọmọbìnrin tó ń kọ fọ́ọ̀mù dúró ti kọ̀ǹpútà, ó ní kí n bá òun bi màmá ní "race" wọn. Mo dúró. Kí ni ká pè é? Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹ̀yà wo ni yín?"

"Ìjẹ̀ṣà ni mí," ni màmá wí. "Kí ló dé?"

Mo ní kì í ṣe ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, mà, ti àwọ̀ ni. Màmá wo ọmọbìnrin náà, wọ́n wò mí, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Ṣé ojú ń dùn ún ni?"

Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó kọ "Dúdú". Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi ọwọ́ ara mi fi ẹlòmíràn sínú àpótí, n kò sì túmọ̀ èsì màmá.

Ẹni tó kọ́ mi ní àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ni obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ọmọ Bràsíl ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní "ẹ", ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi "ẹ" ni mo ń lò fún un, Àǹtí ni mo sì ń pè é títí òun náà fi gbà á bí orúkọ. (Nínú ìtàn yìí "ó" ni màá lò, kí ó má baà dà bíi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni mò ń bá jiyàn.) Láàrin aago méjì sí mẹ́rin òru, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí ẹ̀jẹ̀ tí ọwọ́ wa sì dilẹ̀, àkókò yẹn ni tiwa.

Àǹtí ní ní ìlú tòun, àpótí márùn-ún ni ìjọba fi ń ka èèyàn: branca (funfun), preta (dúdú), parda, amarela (ìyeyè), indígena (àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́). Parda ni òun, ìyẹn ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dàpọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ni ìbéèrè náà fi bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà, "àwọ̀ tàbí ẹ̀yà", bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní 1976, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní kí àwọn èèyàn fi ẹnu ara wọn sọ àwọ̀ wọn, kí wọ́n má fún wọn ní àpótí kankan. Orúkọ àwọ̀ tó wọlé ju 130 lọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó túmọ̀ sí àwọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nígbà tó bá ń sá lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbàgbé ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí Àǹtí dé Amẹ́ríkà, kò rí ibi kankan wọ̀. Wọ́n ní àwọn tí àṣà wọn ti ọ̀dọ̀ àwọn Spanish wá ni Hispanic, Potogí sì ni èdè tirẹ̀. Àwọn funfun kò kà á mọ́ra, àwọn dúdú náà ń wò ó níwòkuwò. Ó máàkì "òmíràn". "Parda ni mo jẹ́ nígbà tí mo wọ bàálù," ó ní, "nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti di òmíràn."

Èmi sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, kí wọ́n dáná sun àwọn àpótí náà. Òun ní rárá. Bí ìjà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì tó ọdún mẹ́jọ kí n tó yé bá a jà.

Kí n lè borí rẹ̀, mo lọ kàwé. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ọ̀rọ̀ Takao Ozawa. Ọmọ Jàpáànù ni ọkùnrin yìí, ó ti lo ogún ọdún lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà, ó ka ìwé ní yunifásítì ní California, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú ilé rẹ̀. Ó fẹ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Òfin ìgbà yẹn ní àfi ẹni tó bá jẹ́ funfun tàbí ẹni tí ó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà. Ozawa ní kí wọ́n wo ara òun àti àwọn èèyàn òun, pé wọ́n funfun ju ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè ní funfun lọ. Ní oṣù kọkànlá 1922, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a lóhùn pé kì í ṣe àwọ̀ ara ni òfin ń wí. Ẹni tí àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ń pè ní Caucasian ni funfun.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò ju bí oṣù mẹ́ta lọ, ni Bhagat Singh Thind dé. Ọmọ Íńdíà ni, ó ti wọ aṣọ ológun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó gbé ìwé àwọn onímọ̀ wá síwájú ilé ẹjọ́ kan náà: ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ síbí, Caucasian ni àwọn èèyàn mi. Adájọ́ George Sutherland, ẹni tó kọ ìdájọ́ ti Ozawa, ló tún kọ ti èyí ní oṣù kejì 1923. Ó ní kì í tún ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ kọ mọ́, ohun tí mẹ̀kúnnù bá mọ̀ sí funfun ni funfun.

"Ẹ rí wọn?" ni mo wí fún Àǹtí. "Ẹni tó gbé àwọ̀ wá, wọ́n ní ìwé ni àwọn ń wò. Ẹni tó gbé ìwé wá, wọ́n ní ojú ni àwọn ń lò."

Mo ní òmíràn nínú àpò. Ní 1735, Carl Linnaeus ará Swídìn pín ọmọ aráyé sí mẹ́rin, ó fún ìdá kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀. Nígbà tó tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ ní 1758, ó ti mú àwọn ará Éṣíà kúrò nínú àwọ̀ tó ṣókùnkùn, ó kó wọn sínú àwọ̀ ìyeyè. Ọdún 23, àwọn èèyàn náà kò ṣípò padà, kálámù ló ṣípò. Orúkọ "Caucasian" tí ilé ẹjọ́ ń gbé kiri yẹn, Blumenbach ará Jámánì ló mú un gbajúmọ̀ ní 1795, ó sì wà lára ìdí rẹ̀ pé agbárí obìnrin ará Georgia kan ló rẹwà jù lójú rẹ̀ nínú àwọn agbárí tó kó jọ. Agbárí o!

Mo sì sọ ti Gúúsù Áfíríkà fún un. Òfin 1950 ní kí gbogbo èèyàn forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yà tirẹ̀. Tí ó bá rú wọn lójú, wọ́n á ki pẹ́ńsùlù bọ inú irun ẹni náà kí wọ́n wò ó bóyá á já bọ́. Sandra Laing, tí wọ́n bí ní 1955, òbí funfun méjèèjì ló bí i, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, irun rẹ̀ sì ká. Ní 1966, wọ́n mú ọmọ ọdún mẹ́wàá yìí kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sí "Coloured", àpótí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dàpọ̀. Ní 1967, wọ́n yí òfin padà pé ohun tí òbí jẹ́ ni ọmọ, ó tún di funfun. Ọmọ kan náà, ara kan náà. Ọdún 1991 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́.

Àǹtí kò jiyàn èyíkéyìí nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ bù sí i: ní 2007, ní Yunifásítì Brasília, níbi tí wọ́n ti ń ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú, tí ìgbìmọ̀ sì ń wo fọ́tò láti mọ ẹni tó yẹ, ìbejì méjì tó jọra bí ẹ̀là obì fi fọ́tò sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan dúdú, wọ́n ní èkejì kò dúdú. Lẹ́yìn tí ariwo ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èkejì. Ó sọ ọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Mo ṣì ní kí wọ́n má sun àpótí."

"Kí ló dé?"

"Nítorí pé ẹ̀yà lè jẹ́ irọ́, ìyà tí wọ́n fi jẹ èèyàn nítorí rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Wo Faransé. Àwọn kì í bi èèyàn ní ẹ̀yà nínú ìkànìyàn wọn. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n tí onílé kan bá ń fi orúkọ àti ojú lé àwọn ayálégbé padà, nọ́ńbà wo ni wàá gbé dání lọ bá adájọ́?"

Mo ní ìyẹn kò tó. Ẹ wò ó, inú mi dùn sí ìwé tí mo kà débi pé n kò gbọ́ ohun tí ó sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àròyé òru ni orí bébà kan tí mo ti ń buwọ́ lù láti ọjọ́ pípẹ́. Bí kíndìnrín bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń sẹ́ ìdọ̀tí kan tí iṣan ara ń sọ sínú ẹ̀jẹ̀, creatinine lorúkọ rẹ̀. À ń wọn creatinine náà, a ó fi ọjọ́ orí kún un, a ó wò ó bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ìṣirò kan á sì sọ agbára tó kù nínú kíndìnrín. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń pè ní eGFR. Ṣùgbọ́n bébà wa kì í gbé nọ́ńbà kan jáde. Méjì ni. Ìlà àkọ́kọ́: ẹni tí kì í ṣe African American. Ìlà kejì: African American. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìgò kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Ìlà kejì ni ìlà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ di púpọ̀ ní ọ̀nà 1.159, láti inú ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2009. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ní tirẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe ni pé iṣan àwọn dúdú ki jù, nítorí náà creatinine wọn á máa pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ bí kíndìnrín wọn bá tilẹ̀ dá ṣáṣá.

Lóru ọjọ́ kan, mo fa ẹ̀jẹ̀ ara mi, mo fi sínú ẹ̀rọ. Bí mo bá jẹ́ funfun, 88 ni mí, ó ti wọ́ díẹ̀ lábẹ́ 90 tí wọ́n kà sí pípé. Bí mo bá jẹ́ dúdú, 102 ni mí, ara mi le koko. Mo jókòó síwájú bébà náà. Iṣan wo ni mo ní? Ìyá mi, tí ara rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ, ìlà kejì náà ni wọ́n máa mú fún un.

Àǹtí fa bébà náà mọ́ra, ó wò ó. Ó ní, "Ọmọbìnrin mi ńkọ́? Funfun ni bàbá rẹ̀. Ìlà wo ni tirẹ̀?" A wá ìdajì, kò sí ìdajì. Àwa ní láàbù kì í sì í rí aláìsàn. A ó tẹ ìlà méjèèjì, dókítà á mú ọ̀kan, bóyá kó wo ojú ẹni náà, bóyá kó wo ohun tí ẹnìkan bíi tèmi ti bá wọn máàkì nígbà tí wọ́n ń gba orúkọ.

Ìṣirò mìíràn ló bà mí lẹ́rù. Ní Amẹ́ríkà, kí àkókò ìdúró ẹni tó ń retí kíndìnrín ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láì tíì dé orí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ já sí 20 tàbí kó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 18. Ó yẹ kó ti wọlé. Ẹ fi 1.159 sọ ọ́ di púpọ̀: 20.86, ẹ̀rọ á kọ 21. Kó lọ ilé, kó padà wá nígbà mìíràn. Mo ti buwọ́ lu irú bébà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, èmi tí mò ń fi Ozawa àti Thind ṣẹ́gun èèyàn lóru. Kò sí ọjọ́ kan tí mo wo ìlà kejì yẹn pé àpótí ni òun náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ṣe bá mi, nígbà tí àrùn Kòrónà gbé ilé ìwòsàn wa gbóná. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ kan wá láti inú òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọkàn, kí a wo ọ́síjìn inú rẹ̀. Ẹ̀rọ mi ní 87 nínú 100. Mo fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì, fóònù dún, nọ́ọ̀sì ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. 94 ni ohun tó wà ní ìka rẹ̀ ń sọ."

Mo tún un kà. 87. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ fà, wọ́n gbé e sáré wá, 86 ni òun. Ohun tí wọ́n há mọ́ ọmọ ìka ṣì ń sọ 94, iná rẹ̀ ń tàn wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ní 94 lè dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó bá ní 86 kò gbọdọ̀ dúró.

Mo wo bébà aláìsàn náà. Dúdú. Ó tán. Inú bí mi, mo lọ bá Àǹtí: "Ẹ ò rí i? Wọ́n ti ki ẹ̀yà bọ inú ẹ̀rọ náà." Àpilẹ̀kọ kan sì ti jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England ní oṣù kejìlá 2020, dókítà kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: láàrin àwọn tí ẹ̀rọ ìka ní ara wọn dá, ìdá 11.7 nínú 100 àwọn dúdú ni ọ́síjìn wọn ti lọ sílẹ̀ jù ní tòótọ́. Láàrin àwọn funfun, ìdá 3.6.

Àǹtí ò gbó mi lẹ́nu. Ó lọ mú ẹ̀rọ ìka kan wá, ó há a mọ́ ìka rẹ̀, ó ní kí n wo iná pupa tó yọ ní ẹ̀yìn èékánná. "Ẹ̀rọ yìí kò ka fọ́ọ̀mù," ó ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí mi. Iná méjì ni ẹ̀rọ yẹn ń tàn gba inú ìka, ọ̀kan pupa, èkejì èyí tí ojú kò lè rí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe gbé ọ́síjìn tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbé àwọn iná náà mì. Takuo Aoyagi, ọmọ Jàpáànù, ló gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀ ní 1974. Ṣùgbọ́n melanin, ohun tó ń mú ara dúdú, náà ń gbé iná mì. Tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ kò bá ti fi í sínú ìṣirò, nọ́ńbà á gòkè lórí irọ́. Iná kò mọ baba ńlá ẹnikẹ́ni. Há a mọ́ ìka bàbá mi, á kọsẹ̀. Há a mọ́ ìka ìyá mi, ó ṣeé ṣe kó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú àpótí kan náà ni àwọn méjèèjì wà o. Ẹni tó bá sì ti gúúsù Íńdíà wá tàbí láti erékùṣù Bougainville, tí ara rẹ̀ dúdú bíi ti bàbá mi, iná á kọsẹ̀ lára òun náà, orúkọ "Dúdú" kò sì sí lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀ rárá.

Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé nǹkan méjì ni mo ti ń kó sínú agbọ̀n kan. Àwọ̀ wà: ó wà lára, iná ń bá a pàdé, èèyàn lè wọ̀n ọ́n. Àpótí wà lórí bébà, èèyàn ló ń kọ ọ́. Ìṣirò kíndìnrín mú àpótí, ó lò ó bíi pé ara ni. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ìka ní ara níwájú wọn, wọ́n ṣe bíi pé kò sí níbẹ̀. Ìtọ́sọ́nà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, fi sílẹ̀ ní 2013 ní kí wọ́n dán ẹ̀rọ wò lára èèyàn 10 ó kéré tán, kí àwọn tí àwọ̀ wọn ṣókùnkùn nínú wọn jẹ́ 2, tàbí ìdá 15 nínú 100 bí èyí bá pọ̀ jù. Ó ṣókùnkùn tó báwo? Bíi ti bàbá mi ni àbí bíi tèmi? Àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ 2020 pàápàá, orí àpótí ni wọ́n dúró lé, torí pé ilé ìwòsàn kì í kọ àwọ̀ ara sínú ìwé aláìsàn.

Ní oṣù kẹsàn-án 2021, National Kidney Foundation àti American Society of Nephrology, ẹgbẹ́ méjì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kíndìnrín, ní kí gbogbo láàbù lọ lo ìṣirò tuntun tí kò ní ẹ̀yà nínú. Láàbù wa yọ ìlà kejì. Mo tẹ bébà onílà kan àkọ́kọ́ jáde, mo gbé e fún Àǹtí bí ẹni gbé ife-ẹ̀yẹ. Mo ní ó ku kí wọ́n yọ àpótí náà kúrò níbi gbogbo.

Àǹtí ní, "A ó rí i."

A sì rí i. Ní oṣù kìíní 2023, OPTN, àjọ tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń pín kíndìnrín fún àwọn tó ń dúró ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ fún gbogbo ilé ìwòsàn tó ń ṣiṣẹ́ náà: ẹ yẹ orúkọ gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà wò, ẹ wá ẹni tí ìlà kejì ti dá dúró, kí ẹ dá ọjọ́ tí wọ́n pàdánù padà fún un. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àwọn tí wọ́n dá ọjọ́ padà fún ti ju 14,000 lọ. Wọ́n ní kí àwa náà tú àwọn èsì àtijọ́ jáde. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lóru láti wá wọn. Ẹ mọ ohun tí mo tẹ̀ sínú rẹ̀ kí orúkọ wọn tó yọ? "Dúdú tàbí African American". Kò sí ọ̀nà mìíràn. Àpótí tó sé ọ̀nà mọ́ wọn náà ni kọ́kọ́rọ́.

Àǹtí dúró lẹ́yìn mi. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ká ní a ti dáná sun ún ní 2021 ńkọ́?" Mo ní kí ó jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́.

Láti ìgbà yẹn, tí àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí bóyá ẹ̀yà wà tàbí kò sí, etí mi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á. Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, lórí bébà wo? Ta ló fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Bí ìjọba bá bi mí nínú ìkànìyàn, màá máàkì. Bí ìṣirò kan bá ní òun ń lò ó láti mọ bí ara mi ṣe ń ṣiṣẹ́, màá ní kí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí. Wọ́n ń ṣe àtúnṣe àwọn àpótí náà lọ́wọ́lọ́wọ́: ìtọ́sọ́nà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2024 ti fi àpótí tuntun kan kún un fún àwọn tó ti Àárín Ìlà-Oòrùn àti Àríwá Áfíríkà wá, àwọn tí wọ́n ti ń kà sí funfun. Ó dáa kí èèyàn rántí pé títí di 1950, ẹni tó ń ka èèyàn kiri ilé ló ń wo ojú onílé tó sì ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ bá sọ fún un, àti pé ọdún 2000 ni wọ́n tó gbà kí ẹnìkan máàkì ju ẹyọ kan lọ.

Ní ti ẹ̀rọ ìka, FDA gbé àbá ìtọ́sọ́nà mìíràn jáde ní oṣù kìíní 2025, wọ́n ní kí wọ́n fi òṣùwọ̀n àwọ̀ wọn ara àwọn tí wọ́n bá ń dán ẹ̀rọ wò lára wọn. Òṣùwọ̀n Monk ni wọ́n dárúkọ, àwọ̀ 10 láti orí èyí tó mọ́ jù dé èyí tó dúdú jù. Ellis Monk ti Harvard ló ṣe é, Google sì gbé e jáde ní 2022. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ojú ìwé ẹbí wa lórí WhatsApp, mo ní kí oníkálukú mú tirẹ̀.

Bàbá mi ní 7 ni òun. Ìyá mi dáhùn kí ìṣẹ́jú kan tó pé: "7 kẹ̀! Ta ló ń bá yín ra dígí?" Àbúrò mi ní 4, ó tún padà wá ní 5, ó ní iná yàrá òun ni. Bàbá mi fi fọ́tò apá rẹ̀ ránṣẹ́, ó ti tàn án sí oòrùn tí ohunkóhun kò fi yé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, fọ́tò kan wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀: ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà, láàrin 9 àti 10, èékánná rẹ̀ pupa fòò. Kò kọ nǹkan kan sí i.

Mo fi han Àǹtí lóru ọjọ́ náà. Ó wò ó pẹ́. Ó wá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ iná, ó yí i padà, ó tún un yí.

"Àtẹ́lẹwọ́ 3, ẹ̀yìn ọwọ́ 6," ó ní. "Èwo ni wọ́n máa kọ?"